Asẹ́ Iná àti Rẹ̀sísítọ̀ Adanánù: Ẹ̀kọ́ Láti Ìsọ̀ Kan ní Òsì

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti lítíréṣọ̀, kì í sì í ṣe ti gírámà, ṣùgbọ́n ó kan èdè wa, ó sì kan ẹ̀mí ènìyàn.

Ní àkókò ìsinmi kan, mo jókòó ní ìsọ̀ ọ̀gá kan tí ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ará Ìlọ́fà, yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbé e sọ sẹ́yìn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé, "Ọ̀gá, mo ti yọ ọ́ o! Mo ti yọ ọ́!" Ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "O yọ ọ́ lára ògiri. Ìwọ kò yọ ọ́ nínú àmù rẹ̀."

Àmù wo ni ọ̀gá ń sọ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa.

Ohun tí asẹ́ iná ń ṣe

Iná mànàmáná tí ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì, ó sì ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rédíò kò lè lo irú rẹ̀. Tiransifọ́mà yóò kọ́kọ́ dín in kù, lẹ́yìn náà dáyóòdù mẹ́rin yóò darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Síbẹ̀, kò tíì dúró sójú kan. Ó ń ga, ó ń wálẹ̀ dé òdo, ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi í fún rédíò bẹ́ẹ̀, kíkùn ni yóò máa kùn bí oyin.

Ìdí nìyí tí a fi nílò asẹ́. Bí asẹ́ ti ń dá eèrí dúró kí ògì tó kúnná lè kọjá, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ iná ń dá ìgbì dúró kí iná tó dúró sójú kan lè kọjá. Kàpásítọ̀ ni olórí rẹ̀. Ẹ wo àmù inú ilé. Àwọn ọmọ ń pọn omi láti odò ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ń bu omi nígbà gbogbo. Omi á fà díẹ̀ kí ọmọ tó tún dé, á sì tún kún. Bí àmù bá ti tóbi tó ni fífà náà yóò ti kéré tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí rédíò bá ń fa áńpù 1, tí kàpásítọ̀ sì jẹ́ 4,700 máíkrófárádì, a ó fi 100 sọ 0.0047 di púpọ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín 1. Ìgbì tí ó kù jẹ́ nǹkan bí fóòtì 2. Bí a bá lo kàpásítọ̀ 10,000, yóò di fóòtì 1.

A tún lè fi kọ́ìlì kún un. Kọ́ìlì dà bí ọkọ̀ ńlá tí a ń tì: ó ṣòro láti mú un gbéra, ó sì ṣòro láti dá a dúró. Nítorí náà kì í fẹ́ kí iná yí padà lójijì.

Àmù tí kò gbẹ

Àǹfààní kàpásítọ̀ náà ni ewu rẹ̀. Bí a bá pa iná, àmù kò gbẹ. Kì í ṣe òní ni ayé ti mọ èyí. Ní 1746, Musschenbroek ti ìlú Leiden ní Họ́láǹdì ròyìn bí ìgò kan tí ó kó iná sí ṣe gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ní ọdún kan náà, Nollet fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ mú kí ọmọ ogun 180 tí ó di ara wọn lọ́wọ́ mú fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà níwájú ọba Faransé.

Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà, iná ògiri ni dáyóòdù ń gbà tààrà. Góńgó ìgbì 230 fóòtì sì jẹ́ nǹkan bí 325 fóòtì. Iye yìí ni kàpásítọ̀ ń tọ́jú. Òun ni ó gbá ọmọ Ìlọ́fà.

Rẹ̀sísítọ̀ adanánù

Adanánù ni mo pe rẹ̀sísítọ̀ tí a so mọ́ ẹnu kàpásítọ̀ méjèèjì, nítorí pé ó ń da iná nù. Ó dà bí ihò kékeré nídìí àmù. Bí kàpásítọ̀ bá jẹ́ 220 máíkrófárádì, tí adanánù sì jẹ́ 100,000 óòmù, ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 22. Lẹ́yìn 22 àkọ́kọ́, 325 fóòtì yóò di nǹkan bí 120. Lẹ́yìn ìlọ́po márùn-ún, èyí tí í ṣe 110, yóò ku fóòtì 2 àti díẹ̀.

Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Níbi tí kọ́ìlì bá ti ṣáájú kàpásítọ̀, fóòtì a máa ga jù bí ẹ̀rọ kò bá fa iná. Ìwọ̀nba tí adanánù ń fà kì í jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ihò náà ní owó orí. Adanánù wa yìí ń jẹ wáàtì 1 àti díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà. Bí a bá fi èyí tí kò lè gbà ju ìdajì wáàtì lọ síbẹ̀, yóò jó. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: bí adanánù bá jó, tẹlifíṣọ̀n yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, àfi ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìkìlọ̀

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́kàn lé adanánù nìkan. Ẹ yọ ẹ̀rọ lára iná, ẹ dúró, kí ẹ sì fi mítà wọn kàpásítọ̀. Bí iná bá ṣì wà, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 2,000 óòmù tí ó lè gba wáàtì 10, tí a ti fi ọ̀rá bo wáyà rẹ̀, kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹ má fi irin ìtúdè kàn án. Ó lè ta pàrà sójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un wọ̀n, nítorí iná díẹ̀ a máa tún yọjú nínú kàpásítọ̀ tí a rò pé ó ti gbẹ. Ẹni tí ó yọ ẹ̀rọ lára iná tí kò wọ̀n ọ́n dà bí ẹni tí ó pa ejò tí kò bẹ́ ẹ lórí.

Àgbálọgbábọ̀

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá wa ní Òsì kò sí nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àmù, ni ó fi la ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó dé etí rẹ̀. Bí ẹ bá ní orúkọ tí ó sàn ju adanánù lọ, ẹ mú un wá. Kí á ṣáà ti sọ ọ́ fún ọmọ kí ó tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ.