Ayálégbé Ti Kó Jáde, Kọ́kọ́rọ́ Ṣì Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Nínú kernel Linux, kmalloc la fi ń gba mẹ́mọ́rì, kfree la fi ń dá a padà. Ẹ wò ó bíi yàrá téèyàn yá gbé: pointer ni kọ́kọ́rọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kfree kì í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó jáde. Kernel á ti fi yàrá fún ayálégbé tuntun, ti àtijọ́ á ṣì máa ṣílẹ̀kùn wọlé. Use-after-free nìyẹn. Bí ayálégbé tuntun bá wá jẹ́ ọ̀daràn, ó lè ti ibẹ̀ di root lórí ẹ̀rọ yín.

Kernel kì í sábà wó níbi tí àṣìṣe wà gan-an, ìyẹn ló ń fọ́ni lórí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tan KASAN, tó ti wà nínú Linux láti 2015, kí n tó fọwọ́ kan kóòdù. Ó ń jẹ mẹ́mọ́rì o! Àmọ́ ó máa ń sọ kóòdù tó gba mẹ́mọ́rì náà, èyí tó dá a padà, àtèyí tó tún lọ fọwọ́ kàn án. Èyí tó dá a padà ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn sọ pointer di NULL. Ó dáa, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tiyín nìkan lẹ sọ nù, ẹ̀dà ṣì wà níta. Tí kóòdù méjì bá jọ ń lò ó, ẹ lo kref: ẹni tó fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ á pe kref_get, tó bá ṣe tán á pe kref_put. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá jáde ni kfree tó máa ṣiṣẹ́.