Mọ Ẹni Tí Ò Ń Bá Ta Kí O Tó Fowó Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ta ayò àti géèmù lórí fóònù, láti Owódé àti Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ títí dé Tàkíé àti Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbọ́ o: ẹ má fi kọ́bọ̀ yín sílẹ̀ níwájú ẹni tí ẹ kò mọ̀ bóyá èèyàn ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ rò pé ẹ̀ ń bá ta kì í ṣe èèyàn rárá. Kọ̀ǹpútà ni, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń pè ní bot.

Ibi tí ọ̀fìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Call of Duty: Mobile sórí fóònù rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń pa. Kò mọ̀ pé bot ni wọ́n kó síwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí ojú má baà tì í, kó má baà pa géèmù náà tì. Àwọn tó ni Fortnite kéde lọ́dún 2019 pé àwọn ń fi bot sínú tiwọn. Géèmù ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kì í ṣe ti tẹ́tẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ náà ti gbà pé òun ti di ọ̀ta. Òpè tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta ni onítẹ́tẹ́ ń wá kiri.

Báwo la ṣe ń dá bot mọ̀ nínú ayò orí fóònù? Ṣọ́ àkókò tó fi ń ta. Èèyàn á ta kíá nígbà tí ọ̀nà bá là, á ronú pẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá díjú. Bot á fi ìwọ̀n àkókò kan náà ta gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ méjì ló fẹ́ jẹ, ì báà jẹ́ ilé tí ọmọ kún inú rẹ̀ ló fẹ́ ta. Bó o bá wọlé ní aago méjì òru, wọ́n á bá ọ rí ẹni tí wàá bá ta lójú ẹsẹ̀. Bó o bá kí i, kò ní jẹ́ ọ. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ ayò bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè dá ọ lóhùn bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o: àwọn mìíràn ti ń díbọ́n, wọ́n ń dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú.

Èyí tí kò gbọ́n nínú wọn ṣeé nà. Ilé méjìlá àti ọmọ 48 náà ni ayò orí fóònù ní. Fi ọmọ díẹ̀ tan bot, yóò jẹ ẹ́, nítorí ohun tó wà nítòsí ló ń rí. Ìwọ máa kó ọmọ jọ sí ilé kan títí yóò fi di odù. Ìgbà tí odù náà bá yí ọpọ́n po dé apá tirẹ̀, wàá fi jẹ ilé bíi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ìdánrawò tó dára nìyẹn, bí owó kò bá sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí èyí tí ò ń nà yìí tàn ọ́. Lọ́dún 1997, kọ̀ǹpútà Deep Blue na Garry Kasparov, ẹni tó mọ chess ta jù lágbàáyé nígbà náà. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà lórí ọpọ́n Awari, tí í ṣe ẹ̀yà ayò tiwa, wò: ó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Ta ni nínú yín tí kì í ṣàṣìṣe? Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sì ń pinnu bóyá kó ṣe bí òpè nígbà tó o fi igba náírà sílẹ̀, kó wá ṣe bí ọ̀ta nígbà tó o gbé ẹgbẹ̀rún márùn-ún kalẹ̀.

Kì í ṣe àlá là ń rọ́. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024, àwọn adájọ́-ará-ìlú ní California ní kí ilé iṣẹ́ géèmù AviaGames san mílíọ̀nù 42.9 dọ́là fún Skillz, ilé iṣẹ́ géèmù mìíràn. Lórí ẹ̀tọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ẹjọ́ náà dá lé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ẹ̀sùn ti jáde pé bot ni AviaGames ń kó síwájú àwọn tó ń fi owó ta, tí wọ́n rò pé èèyàn bíi tiwọn ni.

Ti bọ́ọ̀lù virtual tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tún burú ju èyí lọ. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ ayò kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń mú èsì jáde, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìwé pélébé tí wọ́n fà ya ti kún ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó ẹyọ la jù sókè, tí wọ́n ní àwọn á san náírà 185 fún ẹni tó bá fi 100 mú ojú tó hàn. Bí ẹnì kan bá mú iwájú, tí ẹnì kejì mú ẹ̀yìn, 200 wọlé, 185 jáde. Onílé jẹ 15 láìta ayò kankan. Kò sí ọgbọ́n tó lè na ìṣirò yẹn.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005 ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Ìbàdàn, ọwọ́ yín ló wà báyìí: ẹ fi òfin mú un pé kí ẹni tó bá fi bot ta ayò olówó kọ ọ́ síbi tí ojú yóò ti rí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè ẹni tó ń bá ta àti iye tó wà nílẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ìwọ ọ̀dọ́, ta ọ̀fẹ́ bó ti wù ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti ní kó o fowó sí i, tí o kò sì lè rí ojú ẹni tó jókòó kọjú sí ọ, jáde. Owó ilé ìwé kì í ṣe owó ayò.