Bí Epo Jíà Bá Ń Jò

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Kàdúná, bí ẹ bá jí rí epo tó pupa nílẹ̀ lábẹ́ ògbólógbòó mọ́tò yín, ẹ má tíì jẹ́ kí mẹkáníìkì sọ jíà kalẹ̀. Lára mọ́tò ọtọmátíìkì, páìpù méjì ló sábà ń so jíà mọ́ rediétọ̀: ọ̀kan ń gbé epo lọ kó lè tutù, ọ̀kan ń dá a padà. Rọ́bà ẹnu wọn ló máa ń sán. Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo ibi tó ti ń rin.

Bó bá jẹ́ irin páìpù náà ló dípẹtà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kó tutù, kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, kí wọ́n fi rọ́bà tó lè gba epo jíà gbígbóná so ó pọ̀, pẹ̀lú kílíìpù lẹ́nu méjèèjì. Kí wọ́n fẹ ẹnu irin náà díẹ̀, kí rọ́bà má baà yọ. Àwọn oníṣẹ́ irin ní ọjà Pántẹ́kà á ṣe é. Kàdúná, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní 1975, kò ṣàìní ọwọ́. Rọ́bà omi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó; epo á bà á jẹ́.

Irú epo tí ìwé mọ́tò dárúkọ ni kí ẹ rọ sí i. Bí mọ́tò bá sì ń lọ́ra kó tó wọ jíà, ẹ má wà á lọ sí Záríà o.