Ìró Wo Ló Ń Dún Níwájú Ọkọ̀?

"Ọ̀gá, mọ́tò yìí ń pariwo níwájú." Báyìí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Sabon Gari ní Zaria ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ariwo jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí etí rẹ̀ ti kún. Ẹni tí kò rí oorun sùn nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ lè pè é ní ariwo, kò sì jayò pa. Àmọ́ ìró ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹni tó fẹ́ mọ ìdí ohun tó ń gbọ́. Yorùbá kì í sọ pé òun gbọ́ ariwo bàtà tàbí ariwo agogo. Ìró bàtà ni, ìró agogo ni.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wúlò jù ni iwájú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ń fa ọkọ̀: Land Rover, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1948, tí ilé iṣẹ́ Leyland sì tò pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà kan, Toyota Land Cruiser, àti Hilux ìgbà ìjọhun. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló bá ọ̀nà oko mu ní agbègbè bíi Samaru ní Zaria, níbi tí Ibùdó Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà, èyí tó di ara Yunifásítì Ahmadu Bello lọ́dún 1962. Ẹrẹ̀ ni lásìkò òjò, eruku ni lásìkò ọyẹ́. Bí rọ́bà tó bo oríkèé irin iwájú bá ya, omi àti iyanrìn á wọlé, gíríìsì á ṣòfò, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Irin kọ̀ọ̀kan tó bá ń jẹ ló ní ìró tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìṣe méjì, kùn àti kù. Oyin ń kùn; òṣìṣẹ́ tí wọn kò san owó oṣù fún náà ń kùn. Ìró tó wà nísàlẹ̀ ni, tó ń lọ láìdúró, tí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè má gbọ́. Kù ní tirẹ̀ tóbi: ìjì ń kù, ọkọ̀ òfurufú ń kù. Kò sí ará Zaria tó yẹ kó ṣì í gbọ́, nítorí ìlú náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú Nàìjíríà wà láti 1964. Bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti ń jẹ máa ń kùn kó tó máa kù. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni ìró náà ń ròkè, yálà awakọ̀ tẹ iná mọ́ ọn tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, ìwúwo ọkọ̀ á bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ìró bá pọ̀ sí i nígbà náà, bẹ́ríìnì ọ̀tún ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá wí pé "ó ń kùn tẹ́lẹ̀, ó ti ń kù báyìí" ti sọ ìtàn àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlù tó bá sì ń dún àdúnjù, ó ti fẹ́ ya: bẹ́ríìnì tó bá ti ń kù kò gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò lọ sí Kaduna mọ́.

Oríkèé irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú lè yí, kó sì tún máa fà, kì í kùn, kì í kù. Yóò dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin tó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Oríkèé ṣáàfù gígùn tó ń gbé agbára láti inú jíà wá síwájú ní ìró tirẹ̀: gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tàbí nígbà tí wọ́n bá kúrò ní jíà iwájú bọ́ sí ti ẹ̀yìn. Kí á wo bí èdè ṣe pín wọn. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ gba ohùn òkè, ó sì tún ara rẹ̀ sọ, nítorí nǹkan kékeré ló ń kan nǹkan léraléra. Gbì gba ohùn ìsàlẹ̀, kò sì tún ara rẹ̀ sọ, nítorí irin tó wúwo ló ti jẹ gbòòrò, tó ń kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bákan náà ni rógódó ṣe jẹ́ ohun róbótó kékeré, tí rògòdò sì jẹ́ ńlá. Àwọn olùkọ́ èdè ń pe irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìfìrógbóyèyọ. Ẹni tó bá pe gbì níbi tó yẹ kó pe kẹ́-kẹ́-kẹ́ lè mú kí wọ́n tú irin tí kò ṣe nǹkan kan.

Lọ̀, rún àti ha náà kì í ṣe ọ̀kan. Jíà inú irin iwájú tí epo rẹ̀ ti gbẹ ń lọ̀, bí ẹni lọ ata. Bẹ́ríìnì tí ọmọ inú rẹ̀ ti fọ́ ń rún. Bíréèkì tó ti jẹ tán ń ha, torí pé irin rẹ̀ ń fara họ irin.

Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan kò tó. Àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà fún mẹkáníìkì. "Ó dún" jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó sì ti kọjá. "Ó ń dún" lè jẹ́ nísinsìnyí. "Ó ti ń dún" fi hàn pé ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró. "Ó máa ń dún" ni ti àtìgbàdégbà, òun ló sì ń béèrè fún bí tàbí nígbà tí: ó máa ń dún bí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀; ó máa ń dún nígbà tí mo bá bọ́ sí kòtò. Oníbàárà tó wí pé "ó ń dún" nígbà tó ní "ó máa ń dún" lọ́kàn ni mẹkáníìkì yóò bá wa ọkọ̀ yípo àdúgbò Kwangila ní Zaria láìgbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ òpin ìró tún ṣe kókó. Ìró lè rọlẹ̀, ìyẹn ni pé ó dínkù; ó lè dákẹ́, ìyẹn ni pé kò sí mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ohun kan wà lórí ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan tí a ń fi ọwọ́ yí láti so ẹsẹ̀ mọ́ ṣáàfù tàbí láti tú u. Bí a bá tú méjèèjì, tí a sì yọ jíà ẹsẹ̀ mẹ́rin, taya iwájú á máa yí ṣùgbọ́n ṣáàfù inú irin iwájú á dúró. Bí ìró bá dákẹ́ rọ́rọ́, inú irin náà tàbí ṣáàfù rẹ̀ ni àrùn wà. Bí kò bá yí padà, kí wọ́n lọ wo bẹ́ríìnì ẹsẹ̀, bíréèkì àti taya. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "ó dákẹ́" nígbà tó jẹ́ pé ó kàn rọlẹ̀ ti ṣi mẹkáníìkì lọ́nà.

Àwọn Yorùbá Zaria tún ní ìṣòro kan tí ará Ìbàdàn kò ní. Hausa ń pe ìró ọkọ̀ ní kukan mota, kuka sì ni ẹkún. Ó dára gan-an lẹ́nu Hausa. Ṣùgbọ́n "mọ́tò mi ń sunkún" kò bá ẹnu Yorùbá mu; ẹkún ní omijé àti ìbànújẹ́ nínú lọ́dọ̀ tiwa. R. C. Abraham, onímọ̀ èdè tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Hausa lọ́dún 1949, tó sì ṣe ti Yorùbá lọ́dún 1958, kó ọ̀rọ̀ ìró rẹpẹtẹ sínú ti Yorùbá. Èdè méjèèjì ló lọ́rọ̀, kò sì sí èyí tó nílò láti yá ẹkún èkejì. Bí mẹkáníìkì bá jẹ́ Hausa, kí oníbàárà fi Hausa bá a sọ̀rọ̀, kó sì fi ẹnu ṣe ìró náà fún un. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ kò nílò ògbufọ̀.

Ìró kan ṣì wà tí kì í ṣe àrùn rárá. Bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ sí jíà ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ọ̀dà gbígbẹ, tó sì yà sí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú á rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Ṣáàfù á lọ́, taya á máa fò, irin á sì dún gbà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá mẹkáníìkì sọ nígbà náà ni pé ọkọ̀ ń fà, taya rẹ̀ ń fò, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Kò sì nílò mẹkáníìkì pàápàá: kó yọ jíà náà, kó dá a padà sí ẹsẹ̀ méjì, kó tó máa lọ.