Mo Ti Dárí Jì Í: Ṣé Mo Tún Lè Lọ Jẹ́rìí?

ÌBÉÈRÈ: Aláṣọ ni mí. Àwọn ọmọkùnrin méjì fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi lóru, wọ́n kó aṣọ lọ, wọ́n sì ti bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọjà wa ṣubú, apá bàbá sì ṣẹ́. Ọwọ́ ti tẹ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ìjọ wa ni ìyá rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, àwọn àgbà ìjọ náà sì ń sọ pé Kristẹni kì í gbẹ̀san, kí n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Mo ti dárí ji ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, kí n má purọ́, inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n lù ú ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí mo bá lọ jẹ́rìí, ṣé mo ti gbẹ̀san nìyẹn? — Aláṣọ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀lé Jésù tọkàntọkàn ni irú ìbéèrè yìí máa ń gba oorun lójú rẹ̀. Bó ṣe yé mi ni pé ẹ ti gbà láti dárí jì, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ bóyá ẹnu tẹ́ ẹ fi dárí ji ọmọ náà lẹ tún lè fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yín fún adájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè fi sọ ọ́. Ẹ̀rí òótọ́ kì í ṣe ẹ̀san.

Ìwé Róòmù ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ní ìparí orí 12, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé ká má gbẹ̀san fún ara wa, ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ibẹ̀ la máa ń pa Bíbélì dé sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Pọ́ọ̀lù kò pín lẹ́tà náà sí orí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó pín in bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kà á lọ láìdúró, ẹ ó rí i ní ẹsẹ̀ kẹrin orí 13 pé aláṣẹ ìlú ló pè ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó ń fi ìyà jẹ ẹni tó ṣe ibi. Ohun tó gbà lọ́wọ́ yín ní orí 12 ló gbé lé adájọ́ lọ́wọ́ ní orí 13. Kò ní kí ibi lọ lófo.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ṣe níkà kì í mọ ibi tó yẹ kí ìyà dé kó dúró. Lámékì inú Jẹ́nẹ́sísì 4 pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣá a lọ́gbẹ́, ó sì ń fi yangàn lójú àwọn ìyàwó rẹ̀. Òfin ojú fún ojú wá fi ààlà sí irú ìyẹn: ojú kan, kì í ṣe ẹ̀mí. Ọwọ́ àwọn onídàájọ́ ni Deutarónómì 19 sì fi í sí. Nínú Mátíù 5, àwa tí a fẹ́ gbé òfin adájọ́ wálé fi san gbèsè inú wa ni Jésù ń bá wí.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì tí orí yẹn náà ní ká yí sí ẹni tó gbá wa létí ńkọ́? Ẹ wo Jésù fúnra rẹ̀. Níwájú àlùfáà àgbà, ẹ̀ṣọ́ kan gbá a létí, ó wà nínú Jòhánù 18. Kò gbá a padà, kò ṣépè, àmọ́ kò dákẹ́: ó bi ẹ̀ṣọ́ náà pé kí ló sọ tó burú. Pọ́ọ̀lù náà, ní Fílípì, wọ́n nà án ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí wọ́n ní kó máa yọ́ lọ, ó kọ̀, ó ní kí àwọn aláṣẹ fẹsẹ̀ ara wọn wá mú òun jáde. Ọkùnrin yìí kan náà ló ké lóru ọjọ́ yẹn kí onítúbú má baà fi idà pa ara rẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé wa ni ti Póòpù John Paul Kejì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, Mehmet Ali Ağca yìnbọn fún un ní Vatican. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, láti ọsibítù, Póòpù kéde pé òun ti dárí jì í. Síbẹ̀, kóòtù Ítálì rán Ağca lọ sẹ́wọ̀n gbére ní ọdún náà. Ní ìparí ọdún 1983, Póòpù lọ bá a nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́. Nígbà tí Póòpù dìde lọ, Ağca ṣẹ́ kù sẹ́wọ̀n. Ọdún 2000 ni ààrẹ Ítálì tó forí jì í.

Ìyá wa, apá bàbá ọlọ́dẹ ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Aṣọ yín lẹ lè yọ̀ǹda. Ẹ kò lè bá bàbá yọ̀ǹda ìrora tirẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ tó ń bẹ̀ yín yìí, ṣé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ta ló ń san owó teguntegun? Kí ni wọ́n ń jẹ nílé rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò lè ṣọ́dẹ? Sákéù, agbowó orí inú Lúùkù 19, rí ìdáríjì gbà, síbẹ̀ ó ṣèlérí láti dá ohun tó rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin, Jésù kò sì ní kó má san án.

Ti Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 tí wọ́n lè kà fún yín, àwọn ará tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí ohun ìní ló wà fún, kì í ṣe olè òru. Ẹjọ́ ọ̀daràn sì rèé, ìjọba ló ni ín. Ẹlẹ́rìí lẹ jẹ́.

Inú dídùn yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀san fara pamọ́ sí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wa, kò sì sọ ìdáríjì yín di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fìdí kalẹ̀. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ náà nítorí yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2017 pàápàá ka dídá ẹni tó wà látìmọ́lé lóró sí ìwà ọ̀daràn. Ẹ sì mọ bí àtìmọ́lé wa ṣe rí: ẹni tí ará ilé rẹ̀ kò bá gbé oúnjẹ wá fún, ebi ni. Ẹ bu ìrẹsì sínú kúlà, ẹ fi ẹran lé e, kẹ́ ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀ kó mú un lọ. Róòmù 12 yẹn náà ló ní ká bọ́ ọ̀tá tí ebi ń pa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ tan àbẹ́là lọ́gànjọ́, kẹ́ ẹ ka Sáàmù 109 sí orúkọ ọmọ náà, ẹ má dá a lóhùn. Onísáàmù kó ìbínú rẹ̀ lọ bá Ọlọ́run ni.

Lọ́jọ́ tí kóòtù bá pè yín, ẹ lọ. Ẹ sọ iye aṣọ tí wọ́n kó gan-an, ẹ má fi ẹyọ kan lé e. Ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti bàbá ṣubú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún bàbá láti sọ. Bí adájọ́ bá dá ọmọ náà lẹ́bi, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kó ṣíjú àánú wò ó, kó sì pàṣẹ owó ìtọ́jú fún bàbá ọlọ́dẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn àgbà ìjọ má dúró de adájọ́ kí wọ́n tó lọ wo bàbá náà.