Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Kọ̀ǹpútà Tí A Ń Fi Ẹnu Kọ́ Ọmọ

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí kọ̀ǹpútà rí, síbẹ̀ bí ẹ bá yọjú sí kíláàsì kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi pa á. Olùkọ́ fi ẹfun ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó: àpótí kan lókè, kíbọọ̀dù nísàlẹ̀, máòsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà yà á sínú ìwé wọn. Wọ́n há a sórí pé Charles Babbage ni bàbá kọ̀ǹpútà, pé 1946 ni ENIAC jáde ní Amẹ́ríkà, pé ìran kọ̀ǹpútà jẹ́ márùn-ún. N kò bá Babbage jà o. Ọkùnrin náà ti kú láti 1871, kò ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni níbi. Ìdánwò dé, wọ́n gba máàkì tó jọjú. Ẹ wá gbé kọ̀ǹpútà gidi síwájú ọmọ tó gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ ní kó tẹ lẹ́tà kékeré kan, kó fi í pamọ́, kó pa ẹ̀rọ náà, kó tún un tàn, kó wá lẹ́tà náà jáde. Ibẹ̀ ni yóò ti hàn pé ẹ̀fọ́ tí ẹnu rò kì í dé inú abọ́.

Àwọn kan á ní, "Ọmọ ìsinsìnyí kẹ̀? Àwọn tó ti ń tẹ fóònù kí wọ́n tó mọ ìrìn?" Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 2001, ará Amẹ́ríkà kan, Marc Prensky, kọ ọ́ pé onílé ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí sígbà kọ̀ǹpútà, pé àlejò ni àwa àgbà. Ó dùn létí, gbogbo ayé sì gbé e. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí IEA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹ̀kọ́, fi iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà dán àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ wò ní orílẹ̀-èdè méjìlá ní 2018, tí Jámánì, Denmark àti Finland wà lára wọn, bíi ọmọ méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ìpele tó ga jù lọ. Ilẹ̀ tí iná kì í ti í lọ nìyẹn o.

Bí a bá sì máa sọ òótọ́, ọmọ náà gan-an ni àlejò, àlejò sì lójú, kò fi ríran. Àwọn tó ṣe fóònù mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun gbogbo pamọ́ kó lè rọrùn: tẹ àwòrán, ó ṣí, tẹ orin, ó dún. Ibi tí àwòrán náà wà nínú ẹ̀rọ, bó ṣe tóbi tó, ta ló tún lè rí i, fóònù kò ní sọ, ọmọ kò sì ní bèèrè. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá nídìí fóònù láìgbọ́ pé nǹkan kan ń jẹ́ fódà.

Ẹ lọ jókòó ní bíṣínẹẹ̀sì sẹ́ńtà lásìkò ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò JAMB tí àwọn ọmọ fi ń wọ fásitì. Mo rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ n'Íbàdàn. Ojú fóònù rẹ̀ ti sán, àmọ́ ẹ wo ọwọ́ tó fi ń to fídíò TikTok: ó gé orin, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú, gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, kó tó kàn án. Ó kàn án. Ọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi í pé, "Íméèlì rẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n pe bọ̀ọ̀dá tó ṣe é fún mi."

Bọ̀ọ̀dá kò gbé fóònù.

"Ṣé kí n ṣí òmíràn fún ẹ?"

"Ẹ bá mi ṣí i, sà."

Kò pẹ́, ọmọ náà ti ní íméèlì tuntun. Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ni èyí tí ọkùnrin yìí ń fún gbogbo oníbàárà. Nọ́ńbà tí wọn yóò fi gbà á padà bó bá sọnù, nọ́ńbà ọkùnrin náà ni. Ọmọ san owó, ó dúpẹ́, ó padà sídìí TikTok.

Láti 2017 ni JAMB ti ń lo CAPS, ojú òpó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fúnra rẹ̀ wọ̀ láti sọ pé òun gba àyè tí fásitì fún òun, tàbí òun kò gbà á. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ íméèlì rẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni àyè rẹ̀ wà. N kò sọ pé olè ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àánú ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe; èrò pọ̀ lẹ́yìn, iná sì lè lọ nígbàkúgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣí íméèlì náà bá kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí tí síìmù rẹ̀ bá sọnù, ọmọ ọlọ́mọ ti wọ gàù.

JAMB pàápàá mọ irú ọmọ tí a ń kó wá fún wọn. Láti 2015 ni ìdánwò wọn ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, nígbà tó sì yá, wọ́n ṣètò pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N, P, S àti R fún lílọ síwá-sẹ́yìn àti píparí iṣẹ́. Àánú ńlá ni, n kò sì bá wọn wí. Àmọ́ ẹ rò ó wò: bọ́tìnnì mẹ́jọ lè gbé ọmọ wọ fásitì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ìdánwò náà dàrú mọ́ bíi 380,000 ọmọ lọ́wọ́ ní Èkó àti ní gúúsù ìlà-oòrùn, tí ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún ní gbangba, àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn sáfà kan wà tí wọn kò fi àtúnṣe tuntun sí. Gbogbo ilé ló ń sọ ọ́ lọ́sẹ̀ náà. Nínú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, mélòó ló lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ohun tó ń jẹ́ sáfà? Olùkọ́ mélòó ló gbé e wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì?

Kì í ṣe wàhálà tiwa nìkan. Ìdí tí Eben Upton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe kọ̀ǹpútà pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi ní 2012 ni pé wọ́n rí i ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn ọmọ tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ tó àwọn tó ti wá ṣáájú. Ọdún 2014 ni ìjọba ibẹ̀ náà tó yí ẹ̀kọ́ padà, tí ọmọ ọdún márùn-ún ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n, títí kan àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀, ti ń kọ́ bí a ṣe ń to àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, torí náà ẹ̀yin òbí ni mo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Íméèlì ọmọ yín, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi ṣí i. Nọ́ńbà ìyá tàbí ti bàbá ni kó jẹ́ nọ́ńbà ìgbàpadà. Kó kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé kan tí kò ní jáde nílé. Àwọn kan á ní ìwé kò dáa fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀; olè tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n bẹ̀rù, kì í ṣe èyí tó máa tú àpótí aṣọ ìyá lágboolé. Bí ọmọ bá ń kún fọ́ọ̀mù, ẹ jókòó tì í, kí ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn. Yóò pẹ́. Yóò tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ẹ má sọ pé, "Gbé e wá jàre." Bí fọ́ọ̀mù bá ní fọ́tò kò gbọdọ̀ ju 50 KB lọ, òun ni kó wá bí yóò ṣe dín in kù. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín fọ́tò kù lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ KB yàtọ̀ sí MB ju ẹni tó há a sórí lọ.

Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á ní kọ̀ǹpútà kò sí, iná kò sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, a ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ ra kíbọọ̀dù USB kan àti wáyà OTG, kí ẹ so ó mọ́ fóònù Android olùkọ́; ọ̀pọ̀ fóònù náà ni yóò gbà á. Ọmọ yóò lè kọ́ ìtẹ̀wé lórí rẹ̀. Áàpù fáìlì sì wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù bẹ́ẹ̀: ọmọ lè dá fódà sílẹ̀ níbẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó gbé fáìlì láti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn, láìná kọ́bọ̀ lórí dátà.

Ẹ̀rọ nìkan kò sì tó. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pín tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá kún inú rẹ̀. Èrò náà wù mí, orúkọ rẹ̀ tún wù mí jù. Àmọ́ ilé-ìkàwé àgbélọ́wọ́ ni. Ọmọ ń kàwé nínú rẹ̀, kò fi í ṣe nǹkan jáde. Iṣẹ́ ni mo ń wí ní tèmi.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ṣí áàpù ìṣirò onílà-àti-òpó (spreadsheet), kó bẹ̀rẹ̀ látorí èésú. Ìyá méjìlá, oníkálukú dá 5,000 náírà. Orúkọ wọn wọ òpó A, owó wọn wọ òpó B, láti ìlà kejì dé ìkẹtàlá. Ní B14, kí ọmọ tẹ =SUM(B2:B13). Ó di 60,000. Kí olùkọ́ wá ní, "Ẹ gbọ́, Ìyá Ṣadé mú 3,000 péré wá." Ọmọ yí iye kan padà, àpapọ̀ ìsàlẹ̀ sì fúnra rẹ̀ di 58,000. Ẹ ó gbọ́ ariwo ní kíláàsì. Àsìkò yẹn ló yẹ kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ ohun tó wọlé, ohun tí ẹ̀rọ ṣe sí i àti ohun tó jáde. Kò ní sídìí fún àhásórí mọ́. Bí ọmọ bá délé, kó ṣe ti ìyá rẹ̀ gan-an, kí ìyá sì bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé.

Lọ́jọ́ mìíràn, kí oníkálukú tẹ orúkọ ara rẹ̀ tàmì-tàmì. Ọmọ tó ń jẹ́ Fẹ́mi yóò tẹ Fẹ́, yóò dúró níbẹ̀, yóò wá tẹ bọ́tìnnì ìpàrẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àmì ohùn nìkan ni yóò lọ, ẹ yóò ṣì dúró síbẹ̀. Kí ló dé? Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ohun kan, àmì orí rẹ̀ jẹ́ ohun mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn ní Yorùbá, kí ẹ má bẹ̀rù. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ta àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ.

Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ yí padà. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ìwé la fi ń dán ọmọ wò, ẹnu ni olùkọ́ yóò máa fi kọ́ ọ. Kí ìdajì máàkì jẹ́ ti ọwọ́: ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí ẹ̀rọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Kí ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ líǹkì. Bí WhatsApp bá gbé líǹkì dé pé JAMB ń pín dátà ọ̀fẹ́, kí ọmọ má wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn https://, kó wá àmì / àkọ́kọ́, kó ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ láti ọ̀tún bọ̀ sósì. Bó bá jẹ́ jamb.gov.ng gan-an, tàbí tó parí sí .jamb.gov.ng, JAMB ló ni ín. Bí jamb bá wà níwájú, tí ìparí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan mìíràn, jìbìtì ni kó kọ́kọ́ kà á sí.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2023 láti kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ dára, mo sì rọ̀ ọ́ kí o wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fo fódà, fáìlì àti ìtẹ̀wé lọ bọ́ sórí kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. ChatGPT lè bá ọ kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ohun tó kọ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìwọ nìkan ni wàá jókòó sídìí ẹ̀.

Bí owó bá sì dé tí o fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀, ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí níbikíbi, tan án kí o tó sanwó. Yọ wáyà iná, kí o wo bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀ sí nígbà tí ẹ bá ń dúnàá dúrà. Ṣí Notepad, tẹ gbogbo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ki fláàṣì bọ gbogbo ihò USB ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ sí Properties nínú This PC, kí o fi ojú ara rẹ rí i bóyá 8 GB RAM tí wọ́n fẹnu sọ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè fún gbogbo ìyẹn, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀.