LDL tí ọ́síjìn bà jẹ́: kí ló ń ṣe fún inú iṣan ẹ̀jẹ̀?

Ẹni tó bá ń wọ dánfó láti Mile 2 lọ sí Oshodi tàbí Festac mọ àwọn tó ń ta oògùn nínú mọ́tò. Wọ́n á kí gbogbo èrò, wọ́n á gbé ike oògùn sókè, wọ́n á ní ó ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé "antioxidant" ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa lè dá wọn lóhùn, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti léwu.

Ọ̀rá kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ara máa ń fi protein dì í, bí wọ́n ṣe ń fi ewé di ẹ̀kọ. LDL ni ẹrù tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù. Brown àti Goldstein, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ní ilẹ̀kùn tó ń gba LDL wọlé, àti pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ti yó, yóò dín ilẹ̀kùn náà kù. Ohun tó rúni lójú ni pé nínú iṣan tó ń dí, à ń rí macrophage, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí mì, tí ọ̀rá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbé LDL tí nǹkan kan kò ṣe fún un, kì í gbé e mì tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1981, Henriksen, Mahoney àti Steinberg ní California fi LDL sílẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú endothelium, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé e fún macrophage, ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó fi ń gbé e mì. Nígbà tó di 1984, ó hàn pé ọ́síjìn ló ba LDL náà jẹ́, bó ṣe ń mú irin dípẹtà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí: endothelium tó ń jìyà náà wà lára àwọn tó ń ba LDL jẹ́.

Kì í ṣe òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà lẹ́ẹ̀mẹ́rin là ń sọ o. (Òróró yẹn náà kò dáa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Abẹ́ endothelium, níbi tí LDL ti há, ni ìbàjẹ́ náà ti ń pọ̀, torí pé nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, fítámì C àti àwọn mìíràn ń dáàbò bò ó.

Ní 1997, Sawamura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí ilẹ̀kùn tí LDL tó ti bàjẹ́ ń gbà wọ endothelium: LOX-1. Orúkọ yìí kò ní ṣàì wọ ìdánwò. Bó bá ti wọlé, nitric oxide tó ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀ á dín kù. Sẹ́ẹ̀lì náà á yọ VCAM-1 síta, tó ń lẹ̀ mọ́ monocyte, á sì tú MCP-1 jáde láti fi pè wọ́n. Monocyte á wọ abẹ́, á di macrophage, á gbé ọ̀rá mì títí yóò fi di foam cell. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ṣe ń dí.

Ṣé antioxidant oníkóró wá lè dá a dúró? Wọ́n dán an wò. Nínú ìwádìí HOPE, tó jáde ní 2000, èèyàn tó lé ní 9,000 ló kópa. Àwọn kan ń lo fítámì E 400 IU lójoojúmọ́ fún bí ọdún mẹ́rin àbọ̀, àwọn yòókù ń lo oògùn òfìfo. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò dín kù rárá. Àmọ́ nínú ìwádìí 4S ti 1994, tó lo simvastatin láti dín LDL fúnra rẹ̀ kù fún àwọn tó ti ní àrùn ọkàn, ikú fi ìdá 30 nínú 100 dín kù. Lójú tèmi, ẹrù tó ń wọlé ló yẹ ká dín kù.

Fún àwa Yorùbá, ó ṣì ku ibì kan. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana fi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti Ìbàdàn kéré púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wọ́pọ̀ láàárín wa, òun náà a sì máa dín nitric oxide kù láì dúró de LDL kankan.